Ìgbà Tí Sáfà Ẹgbẹ́ Bá Darúgbó: Ẹ̀kọ́ Lórí Fífi Ẹ̀rọ Kékeré Rọ́pò Ẹ̀rọ Ńlá

Láti ọwọ́ Aláyẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù, Ẹkùn Òṣóòrò, Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀nba ènìyàn ló ń bojú wò ó. Ohun náà ni kọ̀ǹpútà ńlá tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì, èyí tí ìwé owó gbogbo wa wà nínú rẹ̀.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é ni server. Sáfà ni a ó máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí akọ̀wé bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó fẹ́ rí àkáǹtì ọmọ ẹgbẹ́ kan, sáfà ni ó ń dá a lóhùn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wà ní Èkó, tó fi fóònù wo iye tó kù nínú owó tó yá, sáfà náà ni ó ń dá a lóhùn. Ó dà bí akọ̀wé kan tí kì í sùn, tó jókòó ti àpótí ìwé tọ̀sán tòru. Ìbéèrè wa ni pé: bí akọ̀wé yìí bá darúgbó, kí ni kí a ṣe?

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ kan

Ẹgbẹ́ kan wà ní agbègbè wa, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n ni a ń wá, a kò wá ẹ̀sín ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2011 ẹgbẹ́ náà ra sáfà ńlá kan. Ẹni tó tà á fún wọn sọ pé irú rẹ̀ ni àwọn báńkì ń lò, inú ìgbìmọ̀ sì dùn. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún un, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, wọ́n sì ra jẹnẹrétọ̀ tì í. Ọdún ń gorí ọdún. Ẹni tó tà á kó kúrò ní ìlú. Fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Síbẹ̀, bí a bá dé fún àyẹ̀wò, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún wa: "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Nígbà tí ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tan sáfà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò jí. Dísìkì inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀dà ìwé owó kan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí dísìkì kejì nínú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi í sí, iná tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ sì ti ba méjèèjì jẹ́ pọ̀. Ẹ̀dà mìíràn wà lórí fláàṣì nínú àpótí tábìlì, ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti ṣe é.

Ìwé pélébé ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó yọ wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méje ni àwa pẹ̀lú akọ̀wé fi jókòó, tí a ń pe ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń kọ lẹ́jà tuntun láti inú ìwé wọn. Ọ̀pọ̀ ló rí owó wọn pé. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà tó ń ṣe púpurú tà. Eku ti jẹ ìwé tirẹ̀. Ó mọ iye tó dá, ó ń kà á fún wa láti oṣù dé oṣù, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ tó lè jẹ́rìí rẹ̀. Inú ìwé rìsíìtì agbowó ni a ti rí ìdajì. Ìdajì tó kù, ìgbìmọ̀ dìbò pé kí a gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Owó rẹ̀ padà sí ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó dìde, ó bi wá léèrè pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ẹ ti gba owó lọ́wọ́ mi, ta ni ó yẹ kó máa rántí rẹ̀, èmi ni tàbí ẹ̀yin?"

A kò rí èsì fọ̀. A kò sì di ẹ̀bi náà ru ìgbìmọ̀ nìkan. Ọdún mẹ́rin ni àwa aláyẹ̀wò ti buwọ́ lu ìwé ẹgbẹ́ yẹn, tí a kò sì béèrè lọ́jọ́ kan pé: ẹ̀dà ìwé yìí dà? Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yìí ti wà lára ohun tí a máa ń kọ́kọ́ béèrè.

2. Bí a ṣe ń mọ̀ pé sáfà ti darúgbó

Àwọn tó lo bọ́lẹ̀kájà láyé àtijọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà ni ó di ògbólógbòó. Àmì ti máa ń hàn tipẹ́. Àmì mẹ́rin ni kí ẹ máa wò lára sáfà.

Èkíní: bí àwọn tó ṣe ètò inú rẹ̀ bá ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró. Ojoojúmọ́ ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá ojú ihò tuntun, ojoojúmọ́ sì ni ó yẹ kí àwọn tó ni ètò máa dí i. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ihò náà wà ní ṣíṣí. Ètò Windows Server 2008, tí ọ̀pọ̀ sáfà àtijọ́ ń lò, ìtọ́jú tí Microsoft ń ṣe fún gbogbo ènìyàn lórí rẹ̀ parí ní ọjọ́ 14, oṣù Kìíní, ọdún 2020. Ti Server 2012 parí ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023. Windows 10, tó wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ akọ̀wé, tirẹ̀ parí ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Èkejì: bí ó bá di pé tí nǹkan kékeré kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ ní láti rán ènìyàn lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà kí ó lọ máa wá àlòkù kiri.

Ẹ̀kẹta: bí owó epo àti àtúnṣe rẹ̀ láàárín ọdún méjì bá ti tó ra ẹ̀rọ tuntun.

Ẹ̀kẹrin: bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń ṣí i. Bí ẹni náà bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ ṣàìsàn pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn.

Bí méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti hàn, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé. Ẹ má dúró de ẹ̀kẹta.

3. Ìṣirò iná

Kò sí ẹni tó ní láti kọ́ àwa ará gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ohun tí òkùnkùn jẹ́. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007 ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa tiwa níbí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú wa lo ọdún tó lé ní mẹ́wàá láìrí iná ìjọba. Nítorí náà, kí a tó béèrè iye tí ẹ̀rọ ń tà, ó yẹ kí a béèrè iye iná tí ó ń jẹ. Ẹ mú bírò, kí a jọ ṣe é.

Ká sọ pé sáfà àtijọ́ ń jẹ 250 wáàtì. Kì í sùn, nítorí náà a ó fi wákàtí 24 sọ ọ́ di púpọ̀. Yóò jẹ́ 6,000, èyí tí í ṣe yúníìtì 6 lójúmọ́, tàbí yúníìtì 180 ní ọgbọ̀n ọjọ́. A kò tí ì ka ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọn.

Ká sọ pé ẹ̀rọ kékeré pẹ̀lú dísìkì rẹ̀ ń jẹ 10 wáàtì. Ní wákàtí 24 yóò jẹ́ 240, èyí tí kò tó ìdá mẹ́rin yúníìtì kan. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, yúníìtì 7 àti díẹ̀ ni. Kò sì fẹ́ amúlétutù.

Ẹ jẹ́ kí a wá wò ó láti ọ̀dọ̀ bátìrì. Bátìrì 12 fóòtì, 100 Ah, gba nǹkan bí 1,200 wáàtì fún wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi, kò dára kí a lò ó kọjá ìdajì, nítorí náà 600 ni a ní lọ́wọ́. Sáfà àtijọ́ yóò jẹ ẹ́ tán ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀rọ kékeré yóò lò ó fún ọgọ́ta wákàtí, ìyẹn ọjọ́ méjì àtààbọ̀. Ká tilẹ̀ yọ ohun tó ń ṣòfò lọ́nà, ìyàtọ̀ náà ṣì pọ̀ jọjọ. Páànẹ́lì oòrùn 200 wáàtì kan lórí òrùlé lè máa kún bátìrì náà, kódà nígbà òjò tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú.

Ẹ fi iye tí ẹ ń ra epo ní ìlú yín sí ìṣirò yìí fúnra yín. A kò kọ iye kankan síbí, nítorí pé kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín, ó ṣeé ṣe kó ti yí padà.

4. Báwo ni iṣẹ́ wa ṣe tóbi tó?

Àwọn baba wa ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí a tó ra ìtẹ́, ẹ jẹ́ kí a wọn eku.

Ká sọ pé ẹgbẹ́ ní ọmọ ẹgbẹ́ 2,000. Ká sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san owó tàbí ń gba owó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, èyí jẹ́ ìlà 24 lọ́dún nínú lẹ́jà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìlà 48,000 lọ́dún, tàbí 480,000 ní ọdún mẹ́wàá. Bí lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà nínú ìlà kan bá jẹ́ 200, gbogbo rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 100. Lédè àwọn oníkọ̀ǹpútà, kò tó 100 megabyte. Fídíò ìgbéyàwó kan tó wà nínú fóònù yín lè tóbi ju ìwé owó ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́wàá lọ!

Kì í ṣe pé báńkì ṣe àṣìṣe. Báńkì ní oníbàárà lọ́nà mílíọ̀nù, gbogbo wọn sì lè máa pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa ní. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ àjàgbé láti fi gbé garawa epo kan lọ sí ọjà Ìlútitun, epo yóò dé ọjà, ṣùgbọ́n èrè kò ní délé.

5. Ẹ̀rọ wo ni kí a rà?

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ kékeré kò bójú mu fún ẹgbẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé sáfà àkọ́kọ́ fún ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ayé, orí tábìlì ni ó jókòó sí. Tim Berners-Lee ni ó lò ó ní ilé ìwádìí CERN, nítòsí Geneva, ní ìparí ọdún 1990. Kọ̀ǹpútà NeXT kan ni. Ó fi tádàwà kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé sáfà ni ẹ̀rọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀nà méjì ló wà tí apá ẹgbẹ́ lè ká.

Ọ̀nà kìíní ni kọ̀ǹpútà alágbèéká tokunbọ̀ tó ṣì le. Ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, nítorí náà bí iná bá lọ lójijì, kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Ó ní ojú tí a fi ń wò ó àti bọ́tìnnì tí a fi ń kọ̀wé, gbogbo oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìlú ló sì lè tún un ṣe.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ kékeré bíi Raspberry Pi. Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ 29, oṣù Kejì, ọdún 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sọ́jà, ní dọ́là 35. Kò tóbi ju káàdì báńkì lọ púpọ̀. Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí kò ní owó ìwé àṣẹ ọdọọdún, ni ó ń lò.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi àléébù rẹ̀ pa mọ́. Àkọ́kọ́, káàdì kékeré tó fi ń rántí nǹkan máa ń gbó bí a bá ń kọ̀wé sí i lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe fi lẹ́jà sórí rẹ̀. Ẹ ra dísìkì SSD tì í. Èkejì, àwọn tó jáde ṣáájú Raspberry Pi 5 ti ọdún 2023 kò ní aago nínú. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kò mọ ọjọ́ òní. Ẹ̀yin akápò, ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: owó tí wọ́n san lónìí lè wọ ìwé pẹ̀lú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èlé yóò sì dàrú. Aago kékeré oníbátìrì wà tí a lè rà mọ́ ọn. Ti Raspberry Pi 5 ní aago, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ra bátìrì aago náà lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta, kò fẹ́ iná tó ń fò sókè sódò. Okùn àti ẹ̀rọ iná tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti fóònù.

Ní ti ojú-ewé tí gbogbo ayé ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ yá àyè kékeré fún un lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi í ṣe iṣẹ́. Kí ìròyìn ìpàdé, òfin ẹgbẹ́ àti fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe so ẹ̀rọ tí lẹ́jà wà nínú rẹ̀ mọ́ ìta gbangba. Ẹni tó bá ń tajà ní iwájú ilé kì í gbé àpótí owó síta pẹ̀lú ọjà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀nà jíjìn bá fẹ́ mọ iye owó rẹ̀, kí ẹ̀rọ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀.

6. Ìgbésẹ̀ ìfirọ́pò

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Báyìí ni kí ẹ tò ó:

(a) Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí sáfà àtijọ́ ń ṣe sílẹ̀. Ẹ bi akọ̀wé, akápò àti agbowó léèrè. Iṣẹ́ tí a kò bá kọ sílẹ̀ ni a máa ń gbàgbé sẹ́yìn.

(b) Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé owó mẹ́ta, sórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn, ó kéré tán ní ìlú kejì. Bí ẹ bá wà ní Igbótako, ẹ fi ọ̀kan sí Òkìtìpupa, nínú àpótí títì.

(d) Ẹ dán ẹ̀dà náà wò. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì ka àkáǹtì ènìyàn mẹ́wàá jáde nínú rẹ̀. Ẹ̀dà tí a kò tí ì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

(e) Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ohun tí ẹ bá kọ sí ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sí èkejì. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí àpapọ̀ owó àjẹṣẹ́kù, ṣíà àti àyálò bára mu láìku kọ́bọ̀ kan. Iṣẹ́ ìlọ́po méjì ni, a mọ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta bẹ́ẹ̀ sàn ju ọ̀sẹ̀ méje tí a fi ń gbọ́ ẹkún ènìyàn lọ.

(ẹ) Ẹ kọ́ ó kéré tán ènìyàn méjì ní ìtọ́jú rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, lọ́wọ́ alága.

(f) Ẹ má ṣe pa ìwé pélébé rẹ́. Ẹ̀rọ tuntun kò sọ bírò di aláìníláárí. Ẹlẹ́rìí méjì sàn ju ọ̀kan lọ.

Ẹgbẹ́ tí a sọ ìtàn rẹ̀ lókè ti tẹ̀lé ìlànà yìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò báyìí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, páànẹ́lì kan ló ń fún un ní iná. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n àdúrà wa ni pé kí ẹ̀yin tètè tún ilé ṣe kí iná tó mú un.

7. Bí a ṣe ń sin òkú ẹ̀rọ

Sáfà àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yóò sọ pé kí a tà á fún oníkónkó-irin. Ẹ dúró ná.

Ìdí kìíní ni àṣírí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bí a bá pa ìwé rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ rẹ̀ nìkan ló kúrò lójú. Ìwé náà ṣì wà lórí dísìkì, ẹni tó mọ ọ̀nà lè hú u jáde. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń wọ Èkó. Wọ́n ra dísìkì àlòkù níbẹ̀, wọ́n sì bá ìwé àṣírí àwọn tó lò ó tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìròyìn láti Kánádà ra dísìkì ní Gánà, wọ́n sì rí ìwé iṣẹ́ tó kan ìjọba Amẹ́ríkà lórí rẹ̀. Bí tiwọn bá lè bọ́ síta, tiwa ńkọ́? Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ara Ẹni ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2023, di ẹrù yìí ru ẹgbẹ́. Bí àṣírí tó lè ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá bá jò, wákàtí 72 ni a ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ kọ nǹkan mìíràn bo gbogbo dísìkì náà, tàbí kí ẹ lù ú ní iho ní ojú ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Ìdí kejì ni ìlera wa. Òjé àti àwọn oró mìíràn wà lára kọ̀ǹpútà. Bí a bá sun ún, èéfín rẹ̀ lóró. Bí a bá jù ú sí ẹ̀bá odò, ẹja ni yóò kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, àwa ni yóò tẹ̀lé e. Ẹ̀yin àgbà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kókò ní ọdún 1988, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tí wọ́n rí àgbá ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì. Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀daràn. Láti ọdún 2011 sì ni ìlànà ìjọba ti wà lórí òkú ẹ̀rọ mànàmáná. Àwọn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti kó o ni kí ẹ fi í lé lọ́wọ́, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ohun-ìní ẹgbẹ́ pẹ̀lú ìpinnu ìpàdé.

Kókó ẹ̀kọ́ yìí

Ẹ̀rọ kọ́ ni ohun-ìní ẹgbẹ́. Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ńlá tí kò ní ẹ̀dà ìwé kò tó ẹ̀rọ kékeré tó ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí á ra ìwọ̀n tó bá iṣẹ́ wa mu, kí á sì fi owó tó ṣẹ́kù sórí ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́. Nígbà náà ni a ó lè wo ojú ìyá onípúpurú yẹn, kí á sì dá a lóhùn pé: "Ìyá, àwa ni ó yẹ ká máa rántí rẹ̀, a kò sì ní gbàgbé mọ́."

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀

1. Ọdún wo ni ẹgbẹ́ yín ra kọ̀ǹpútà tí lẹ́jà wà nínú rẹ̀? Èwo nínú àmì mẹ́rin ló ti hàn lára rẹ̀?
2. Níbo ni ẹ̀dà ìwé owó yín wà lónìí? Ọjọ́ wo ni ẹ ṣí i wò kẹ́yìn, ta sì ni ó ṣí i?
3. Ẹ wọn iye wáàtì tí ẹ̀rọ yín ń jẹ. Ẹ ṣe ìṣirò iye owó epo rẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri ọ́fíìsì.
4. Bí ẹ̀rọ náà kò bá jí lọ́la, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó mọ iye owó rẹ̀?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé. A ó béèrè rẹ̀ nígbà tí a bá dé. Ire o.